Ọwọ́ Òṣìṣẹ́ Kì í Ṣe Ẹrú Kíbọ́ọ̀dù

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá ní ọ̀tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé nìkan létí àwọn kan nínú yín. A ti ń gbọ́ ọ pé, "Kí ló kan dírẹ́bà nínú kíbọ́ọ̀dù?" Ó kàn án. Dírẹ́bà tí wọ́n fún ní ọkọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ kò ṣeé sún síwájú tàbí sẹ́yìn mọ ohun tí à ń sọ. Àgbẹ̀ pàápàá kì í ra ọkọ́ láì kọ́kọ́ di èèkù rẹ̀ mú wò. Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì, kíbọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n ń gbé ka iwájú gbogbo ènìyàn, àti ọlọ́wọ́ ńlá àti ọlọ́wọ́ kékeré, wọ́n á sì ní kí oníkálukú máa bá a yí.

Níbo ni kíbọ́ọ̀dù yìí ti wá? Christopher Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tàípù ní 1868, Remington sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1874. Nínú ẹ̀rọ ìgbà náà, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní irin gbọọrọ tó so mọ́ ọn lábẹ́. Kí àwọn irin náà lè rí àyè kọjá lára ara wọn, wọ́n mú kí ìlà bọ́tìnnì kan yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ju èyí tó tẹ̀lé e lọ. Ẹ tú kíbọ́ọ̀dù òde òní wò, ẹ kò ní rí irin gbọọrọ kankan níbẹ̀. Irin ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìka wa ṣì ń yẹ̀ fún un.

Kíbọ́ọ̀dù ńlá tó wà ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní bọ́tìnnì 104. Àwọn nọ́ńbà tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti máòsì jìnnà débi pé apá ni a ń nà kí ọwọ́ tó kàn án. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ fún àwọn ìka. Ọmọńdinrín, ìka tí kò lágbára, ni wọ́n ní kó máa tẹ Shift, kó máa tẹ Enter, kó máa na ara dé ibi tí à ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Àtàǹpàkò méjèèjì tí wọ́n lágbára jù ń pín bọ́tìnnì kan ṣoṣo lò, èyí tí a fi ń fi àyè sílẹ̀. Fóómànù tó bá pín iṣẹ́ báyìí nínú ilé iṣẹ́ wa, ọ̀sẹ̀ náà kò ní parí kí a tó pe ìpàdé lé e lórí.

Àwọn ènìyàn ti kọ̀ ọ́ tipẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1970, Lillian Malt àti Stephen Hobday ṣe Maltron, tí àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ wà nínú ihò bí àwo kí ìka gígùn àti kúkúrú lè bá wọn níbi tí wọ́n wà, tí wọ́n sì fún àtàǹpàkò ní iṣẹ́ gidi ṣe. Lóde òní àwọn kan ń fi ọwọ́ ara wọn to kíbọ́ọ̀dù kékeré. Ọ̀kan nínú wọn ni Corne, tí ọmọ ilẹ̀ Japan kan ya àwòrán rẹ̀: ó pín sí méjì, bọ́tìnnì 21 fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, 42 lápapọ̀. Ẹ ó béèrè pé níbo ni nọ́ńbà àti àwọn àmì yòókù lọ. Bí a ti ń tẹ Shift kí "a" kékeré di "A" ńlá, bẹ́ẹ̀ náà ni àtàǹpàkò ṣe ń tẹ bọ́tìnnì kan kí àwọn yòókù di nọ́ńbà. Dírẹ́bà kò ṣòro fún láti lóye èyí: ẹsẹ̀ kan náà ló wà lórí tíróòtù, jíà ló yí padà. Ọwọ́ kò kúrò níbi tó wà, bọ́tìnnì ló ń wá bá a.

Bí a bá dé ibí yìí, àwọn ọ̀gá a máa béèrè pé ọ̀rọ̀ mélòó ni ènìyàn lè fi tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ìbéèrè tiwọn nìyẹn. August Dvorak gba ìwé àṣẹ lórí ètò álífábẹ́ẹ̀tì mìíràn ní 1936, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jiyàn lórí eré sísá. Ìwádìí kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1956 ní kò yá ju ti àtijọ́ lọ. Ó dára, a gbà. Àwa kò bá eré wá. Bí kíbọ́ọ̀dù kan bá dín ìrora kù tí kò sì fi ọ̀rọ̀ kan kún iṣẹ́ òòjọ́, a ṣì fẹ́ ẹ. Bí ọ̀gá bá sì gbé kíbọ́ọ̀dù dáradára fún wa lónìí, tó fi ìlọ́po iṣẹ́ tẹ̀lé e lọ́la, tí kò fún wa ní àkókò ìsinmi, ẹ̀tàn ni.

Ní Ọsirélíà ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ń ké pé ọrùn ọwọ́ ń dùn wọ́n, àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pè é ní ọwọ́ kangaroo. Àwọn dókítà kan ní inú orí wọn ló wà. Síbẹ̀, ní 2010, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, kọ àrùn iṣan ọrùn ọwọ́ sínú àkójọ àrùn tí iṣẹ́ ń fà: iṣẹ́ àṣetúnṣe tó gba agbára, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n jìgìjìgì, àti ọrùn ọwọ́ tó tẹ̀ kọjá ààlà. Ẹ̀yin tó ń di ẹ̀rọ ìlọrin mú láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kà pọ̀ mọ́ ti akọ̀wé. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1992 sì ti ní kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ṣeé yà kúrò lára ojú kọ̀ǹpútà, kó sì ṣeé gbé sókè tàbí rẹ̀ sílẹ̀ kí ọwọ́ má baà rẹ ẹni tó ń lò ó.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Arábìnrin wa kan tó ń tẹ wébììlì ọkọ̀ níbẹ̀ fi owó ara rẹ̀ ra kíbọ́ọ̀dù kékeré onípín-méjì nítorí ọwọ́ tó ń ro ó lóru. Mánẹ́jà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í mọ́ inú dúróà, ó sì fún un ní kúérì pé ó mú ohun àjèjì wọ ọ́fíìsì. Ohun àjèjì! Ìrora náà ńkọ́, ṣé ọmọ onílé ni?

A kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn lọ ra nǹkan. Àwọn olówó kan ti sọ kíbọ́ọ̀dù di ohun ọ̀ṣọ́, wọ́n ń pààrọ̀ àwọ̀ bọ́tìnnì bí ẹni ń pààrọ̀ fìlà, òmíràn sì wà tí owó rẹ̀ ju ₦70,000 tí òfin 2024 pè ní owó oṣù tó kéré jù lọ. Ìyẹn kò kàn wá. Ohun tó kàn wá ni pé àwòrán Corne wà lọ́fẹ̀ẹ́, ètò QMK tó ń sọ iṣẹ́ fún bọ́tìnnì wà lọ́fẹ̀ẹ́, a sì ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà rédíò pọ̀ lójoojúmọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni bọ́tìnnì 42 yẹ. Ẹni tó ń ka owó láti àárọ̀ dé alẹ́ nílò bọ́tìnnì nọ́ńbà tirẹ̀. Kó gbé e sí ọwọ́ òsì bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àwa tí à ń tẹ ojú ìwé Yorùbá yìí ní ẹjọ́ tiwa náà. C, Q, V, X àti Z kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní bọ́tìnnì. Ẹ, ọ àti ṣ kò ní ilé. Lórí ẹ̀rọ tàípù, báírò ni àwọn akọ̀wé fi ń fi àmì sábẹ́ wọn. Kíbọ́ọ̀dù tí a lè pàṣẹ fún, pẹ̀lú ètò tó bá a mu nínú kọ̀ǹpútà, lè gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ ìka wa.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ka yìí ń béèrè ni pé kí wọ́n dá kíbọ́ọ̀dù arábìnrin wa padà, kí wọ́n sì fa kúérì náà ya. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá tún fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn tí yóò máa tẹ̀ ẹ́. A ó kọ ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù àti àkókò ìsinmi sínú ìwé ìbéèrè wa, lójú ewé kan náà pẹ̀lú owó oṣù. Kí ẹni tí ọwọ́ ń ro nínú yín lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka kí ìjókòó ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe kíbọ́ọ̀dù ló fà á, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìlọrin.