Ẹ Jẹ́ Kí Akọ́létà Sọ̀rọ̀ ní Gbangba

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń sọ nínú dánfó, tí wọ́n ń sọ nídìí ayò, tí kò sì sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́: pé ọjọ́ tí àwọn akọ́létà bá wọ agbádá lọ bá aṣòfin tàbí alága káńsù, ayálégbé ti dáràn. Wọ́n ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló wà lábẹ́ agbádá náà, pé ohunkóhun tí wọ́n bá gbà bọ̀, orí mẹ̀kúnnù ni yóò wó lé. Mo ní irọ́ ni. Ẹ̀yin ayálégbé Èkó àti Ògùn ni mo sì ń bá sọ ọ́. Àwọn akọ́létà kò nílò mi; wọ́n ní owó tí wọ́n lè fi gba agbẹjọ́rò.

N kò ní sọ pé ìfura yín kò nídìí. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki l'Ékòó fún àwọn ará Màrókó ní ọjọ́ méje péré, lẹ́yìn náà ni katapílà dé. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tí wọ́n lé tó 300,000. Ẹ lọ wo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí ìyẹn, mi ò lè dá a lẹ́bi tí kò bá gba akọ́létà kankan gbọ́. Ṣùgbọ́n ìjókòó wo ni wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ Màrókó wò? Ta ló dìde níbẹ̀ láti tako ọ̀rọ̀ náà? Kò tilẹ̀ sí ilé aṣòfin l'Ékòó nígbà náà. Àṣẹ ni wọ́n pa.

Ẹ wá jẹ́ ká ka owó ilé. Kí bíríkìlà tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì ní Ìkòròdú tàbí Mowé, a ti san owó ilẹ̀, a ti san owó sọfè. Àwọn ọmọ onílẹ̀ á dé: owó fáńdéṣọ̀n, owó dẹ́kìn, owó òrùlé, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n fẹ́ ru kọnkéré. Owó ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń pe ara wọn ní òṣìṣẹ́ káńsù á dé gba tiwọn. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin mọ̀ l'Ékòó, ìpínlẹ̀ sì ti fi agbègbè ìdàgbàsókè 37 kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìwé ẹ̀rí owó tirẹ̀. Akọ́létà kì í yọ owó wọ̀nyí nínú èrè rẹ̀. Yóò ṣe àròpọ̀ gbogbo rẹ̀, yóò fi èlé báńkì lé e, yóò fi èrè tirẹ̀ lé e, yóò sì pín in kárí yàrá. Ìwọ tí o ń san owó yàrá kan àti pálọ̀, ìwọ lo ń san owó dẹ́kìn tí o kò rí ẹni tó gbà á. Olùkọ́ tó ń fi owó àjọ kọ́ ilé tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní Ìbàfò náà ń san án, òun ò tilẹ̀ rẹ́ni tí yóò dì í lé lórí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù ni ti Òfin Ìlò Ilẹ̀, tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978. Òun ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Abala 22 rẹ̀ ní ẹni tó gba ilẹ̀ kò lè tà á, kò lè fi dógò, àfi bí gómìnà bá fọwọ́ sí i. Lọ́dún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ẹni tó ti ní ilẹ̀ rẹ̀ kí òfin náà tó dé pàápàá gbọ́dọ̀ gba àṣẹ yẹn, pé ìdógò tí a ṣe láìgbà á kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó jẹ báńkì lówó ló gbé ọ̀rọ̀ pé òun kò gbàṣẹ lọ sílé ẹjọ́, ó sì fi í jàre. Báńkì wo ló máa gbọ́ irú ìdájọ́ yẹn tí yóò fi ọkàn balẹ̀ yá nọ́ọ̀sì lówó tó máa fi ra ilé, tí yóò sì fi ogún ọdún san án? Fáìlì àṣẹ gómìnà tó sùn lórí tábìlì fún oṣù mẹ́fà ń jẹ èlé lójoojúmọ́, èlé náà sì ń wọ inú owó ilé.

Wọ́n sì so òfin náà mọ́ abala 315 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999. Kí wọ́n tó yí gbólóhùn kan padà nínú rẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Ábújá gbọ́dọ̀ gbà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn. Nítorí náà, kì í ṣe Àbújá nìkan la ó máa wò. Aláùsá l'Ékòó wà níbẹ̀, Òkè-Mosàn ní Ògùn wà níbẹ̀. Ta ló máa lọ bá wọn? Ayálégbé tó ń jí laago mẹ́rin nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò ráyè. Akọ́létà ló ráyè, òun ló ní ìṣirò lọ́wọ́, òun ló mọ tábìlì tí fáìlì sùn sí.

Ṣé ariwo gbangba tiẹ̀ ń ṣe nǹkan? Ó ń ṣe é. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni Àḿbọ̀dé, gómìnà Èkó nígbà náà, fọwọ́ sí òfin tó dojú kọ àwọn ajagungbalẹ̀ àti àwọn tó ń yọ owó lára ẹni tó ń kọ́lé. Ògùn náà ṣe tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Mo mọ̀ pé ọmọ onílẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀, ẹ má bú mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́ lónìí ní ohun tó lè nà sí ọlọ́pàá. Lọ́dún 2018, Èkó gbé owó orí ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Land Use Charge ga sókè. Agbẹjọ́rò, oníṣòwò àti onílé fariwo ta, kí oṣù kẹta sì tó parí, ìjọba dín in kù. Ta ni ẹ rò pé onílé ì bá gba owó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀?

Alátakò mi yóò ní òfin ààbò ni àwọn akọ́létà máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ. Ó yẹ kí a dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní òpópónà Gerrard, Ìkòyí, ó pa èèyàn tó lé ní 40. Àwọn aláṣẹ Èkó ní àjà 15 ni ìwé àṣẹ sọ. Ìjókòó gbangba wo ni ẹnikẹ́ni ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi mẹ́fà kún un? Ẹni tó ní irú ẹ̀bẹ̀ yẹn kò jẹ́ gbé e dé ibi tí akọ̀ròyìn wà. Kọ̀rọ̀ ni yóò bá lọ. Ẹ fi èyí kún un: ìwé àṣẹ tó bá pẹ́ jù ń ti olóòótọ́ sínú ìwà yẹn. Ẹni tó ti ra sìmẹ́ǹtì kò ní wò ó títí yóò fi dì sínú àpò. Yóò gbẹ́ fáńdéṣọ̀n lóru, ẹni tó yẹ kó yẹ irin rẹ̀ wò kò sì ní rí i títí láé.

Àwọn kan gbà pé òfin owó ilé nìkan ti tó. A ti ní i. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. (Wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú rẹ̀; ẹ máa wò ó bẹ́ẹ̀.) Síbẹ̀ ẹ mọ iye tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín. Níbi tí èèyàn ogún bá ti ń du yàrá kan, òfin ò lójú níbẹ̀.

Àwọn akọ́létà náà jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lọ bèèrè ohun tó kan gbogbo akọ́lé. Ilẹ̀ tí wọ́n máa gé fún ilé-iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n ń wá, tàbí ìdáríjì owó fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ lé irú wọn. N kò sì tíì rí ikọ̀ wọn tó mú bíríkìlà, bẹ́ńdà tàbí kápẹ́ńtà kan dání, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ni ebi ń kọ́kọ́ pa nígbà tí sáìtì bá dúró. Ẹni tó bá ní kí ìwé àṣẹ ní iye ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá, kí iye owó rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ènìyàn, ẹ bá a lọ, ẹ jókòó tì í, ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní káńsù yín lọ́sẹ̀ yìí. Òfin kan wà láti 1998 tó to owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ ní kí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín lẹ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé mọ́ ara ògiri, pẹ̀lú orúkọ òfin tó fún wọn láṣẹ rẹ̀. Bó bá ní kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó fọwọ́ sí i pé kò sí, kí ẹ sì fún gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ládùúgbò yín ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.