Ọkọ̀ Onígbòkun Dé Etíkun: Ta Ni Yóò Mú Àlejò Wọ Inú Ilẹ̀?

 

Àwọn ọ̀dọ́ méjì kan béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ katikísímù. Wọ́n ti rí àwòrán àwọn òyìnbó kan, ọkọ àti ìyàwó, nígbà mìíràn tọmọtọmọ, tí wọ́n ń gbé inú ọkọ̀ onígbòkun fún ọdún kan tàbí méjì. Láti èbúté kan dé èkejì ni wọ́n ń lọ ní etíkun àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Wọ́n á so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì gba inú ilẹ̀ lọ wo ìlú. Kí ló dé tí irú wọn kì í yà sí ọ̀dọ̀ wa? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fẹ́ máa fi títọ́ àlejò sọ́nà ṣe iṣẹ́ jẹun, nítorí náà kì í ṣe ìbéèrè eré ni ó ń bi mí. Bẹ́ẹ̀ ni láti Idigny dé òkun ju 100 kìlómítà lọ, ọ̀pọ̀ àgbà wa kò sì fi ojú kan òkun rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀hún ná. Ní orílẹ̀-èdè Guatemala, odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Río Dulce. Ìlú Livingston wà ní ẹnu odò náà, kò sì sí ọ̀nà mọ́tò tó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ omi nìkan ló ń dé e. Iyanrìn ti dí ẹnu odò náà débi pé omi ibẹ̀ kò jìn. Ọkọ̀ onígbòkun sì ní irin wúwo lábẹ́, èyí tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dojú rẹ̀ dé. Bí irin yìí bá gùn ju bí omi ṣe jìn lọ, ọkọ̀ kanlẹ̀ nìyẹn. Ọgbọ́n tí àwọn apẹja ibẹ̀ ń dá ni pé wọ́n á so okùn mọ́ orí òpó ìgbòkun, wọ́n á fi ọkọ̀ tiwọn fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ọkọ̀ àlejò yóò fi dàgẹ̀rẹ̀ bí ọ̀mùtí. Irin abẹ́ rẹ̀ á gbé sókè díẹ̀, wọ́n á sì wọ́ ọ kọjá. Owó ni wọ́n ń gbà fún un. Lẹ́yìn èyí, odò náà gba àárín òkè méjì tí igbó bò títí dé adágún Izabal, níbi tí ilé olódi San Felipe wà, èyí tí àwọn ará Sípéènì kọ́ nítorí àwọn ọlọ́ṣà orí òkun.

Láti oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá, ìjì líle a máa jà ní òkun Karíbíà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń sá wọ inú odò yìí. Wọ́n á fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olùṣọ́, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tikal, ìlú àtijọ́ àwọn Maya, níbi tí ilé òkúta kan ti ga ju 60 mítà lọ láàárín igbó kìjikìji.

Etíkun tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Irú ìjì yẹn kì í jà níhìn-ín, ìyẹn la fi sàn jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n etíkun wa tẹ́jú gbọọrọ, kò ní kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ lè sá sí, ìgbì sì ń lu iyanrìn tọ̀sán-tòru. Nígbà àtijọ́, ọkọ̀ ńlá yóò dúró lókèèrè, yóò ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, àwọn atukọ̀ tí ó mọ ìgbì yóò sì fi ọkọ̀ igi wá kó èrò àti ẹrù. Olórí wọn á dúró nídìí ọkọ̀, á máa wo ẹ̀yìn. Á jẹ́ kí àwọn ìgbì ńlá kọjá, á wá kígbe lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á sì tu ọkọ̀ bí ẹni tí iná ń lé. Bí wọ́n bá ṣì í, omi gbé e nìyẹn. Ní 1891 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wáàfù Kutọnu, èbúté gidi kò sì sí níbẹ̀ títí di 1965.

Ohun kan tún wà. Afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi òkun wa jọ ń ti ọkọ̀ lọ sí ìlà-oòrùn ni. Ó rọrùn fún onígbòkun láti dé ọ̀dọ̀ wa. Ìpadà ni iṣẹ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ní láti kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ kọjá ìlà agbedeméjì ayé kí wọ́n tó rí afẹ́fẹ́ tí yóò gbé wọn yípo padà sí Yúróòpù.

Síbẹ̀, lẹ́yìn iyanrìn yẹn, ọ̀sà wà, omi pẹ̀lẹ́ tí a lè fi ọkọ̀ igi tọ̀ láti Àjàṣẹ́ dé Badagry, dé Èkó. Ẹni tó bá gba ojú omi Nokoué kọjá lọ sí Ganvié yóò rí ìgbòkun tiwa: àpò ìrẹsì tí wọ́n rán pọ̀, tí wọ́n ta sórí ọ̀pá méjì. Kì í ṣe ìgbafẹ́ o. Ẹja ni wọ́n ń gbé lọ tà, igi ìdáná ni wọ́n ń gbé bọ̀.

Nígbà tí mo wà ní sémínárì, èdè Faransé ni a fi kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ayé. Mo lè ka gbogbo odò tó ṣàn wọ odò Seine láìfi ìwé wò, kí n tó mọ ibi tí odò Ouémé ti ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ló sì ṣàn kọjá ní ìwọ̀-oòrùn wa níbí. Ẹnu àwọn àgbà àti ìwé tí mo kà lẹ́yìn ìgbà náà ni mo ti gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n ti inú ọkọ̀ onígbòkun bọ́ sí etíkun wa, tí wọ́n sì gba inú ilẹ̀ lọ.

Ní oṣù kọkànlá 1825, Clapperton ará Scotland gúnlẹ̀ sí Badagry. Aṣáájú mẹ́rin ni wọ́n jọ wá. Ọ̀kan, Dickson, gba Ouidah wọ Dàhòmì, kò sì padà mọ́. Pearce àti Morrison kú kí ọdún náà tó pé, lójú ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá. Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé, ó kọjá lọ sí Sókótó, ó kú níbẹ̀ ní oṣù kẹrin 1827. Ta ló wá padà? Ìránṣẹ́ rẹ̀ ni, Richard Lander, pẹ̀lú ọmọ Hausa kan tí wọ́n ń pè ní Pasko, tó ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Nígbà tí Lander padà dé Badagry, àwọn Potogí oníṣòwò ẹrú sọ fún ọba pé amí ni. Wọ́n fún un ní oró mu kí wọ́n fi mọ òótọ́. Ó mu ún tán, ó rìn jáde, ó sì yára lo oògùn tí ó fi bì í. Ní 1830 ó tún padà wá, òun àti àbúrò rẹ̀ John, Pasko náà sì bá wọn lọ. Wọ́n rìn dé Bussa, wọ́n fi ọkọ̀ igi sọ̀kalẹ̀ lórí Ọya títí dé òkun, ayé sì mọ ibi tí odò náà ń parí sí. Ìwé gbogbo ń pe orúkọ Lander. Pasko tí ó sọ̀rọ̀ fún un lọ́dọ̀ gbogbo ọba, ẹ wá a nínú ìwé ọmọ yín bóyá ẹ ó rí i.

Àwọn ará wa náà rin ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1821 wọ́n mú Àjàyí ọmọ Òṣoògùn lẹ́rú, wọ́n tà á léraléra títí dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ Potogí kan ní oṣù kẹrin 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, ó kó wọn lọ sí Freetown. Òun ni Samuel Ajayi Crowther. Kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn yìí kí ó fò ó. Ní oṣù kìíní 1845 ó tún ti orí òkun gúnlẹ̀ sí Badagry. Ó lé ní ọdún kan ààbọ̀ tí ó fi dúró níbẹ̀ kí ọ̀nà tó là dé Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹjọ 1846 ó rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1853 ó wá sí Kétu fúnra rẹ̀, Alákétu Adébíà sì gbà á ní àlejò. Ìlú tí ó rí nígbà náà ni ogun Dàhòmì run ní 1886.

Àwọn Fadá tiwa ńkọ́? Bíṣọ́ọ̀bù de Marion Brésillac gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1859, kò pé oṣù méjì tí ó fi kú. Ní oṣù kìíní 1861, Fadá Borghero àti ẹni méjì mìíràn wọ ọkọ̀ ní Toulon. Fadá Edde kú ní Freetown. Àwọn méjì yòókù dé Ouidah ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, wọ́n la ìgbì náà kọjá. Borghero dé Àgbómẹ̀ lọ́dọ̀ Glèlè ní ọdún kan náà. Ní 1864 ó dé Abẹ́òkúta. Ó ya àwòrán ilẹ̀ gbogbo etíkun wa kí ó tó padà sí Yúróòpù ní 1865.

Ní tòní, ìbẹ̀rù mìíràn ló tún dá àwọn onígbòkun dúró. Ní 2020, atukọ̀ 135 ni àwọn ọlọ́ṣà orí òkun jí gbé ní gbogbo ayé; 130 nínú wọn, ní Òkun Gini tiwa yìí ni. Ó ti dínkù púpọ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò kó ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀ kékeré wá síbi tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀? Nítorí náà mo sọ fún ọmọ tó fẹ́ máa tọ́ àlejò sọ́nà pé kí ó má ṣe retí wọn lórí omi. Ọ̀nà ọ̀dà ni àlejò Kétu ń gbà, láti Kutọnu, wọ́n á dé ẹnu odi Àkàbà Ìdènà, wọ́n á sì béèrè pé kí ni èyí. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó wọn gbọ́dọ̀ lè dá wọn lóhùn. Apẹja Livingston mọ bí omi ẹnu odò rẹ̀ ṣe jìn tó kí ó tó so okùn mọ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé àwọn ará Livingston fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ wọn dúdú bí tiwa. Garífuna ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọmọ Áfíríkà tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú ni àwọn baba ńlá wọn, tí wọ́n bá àwọn onílẹ̀ erékùṣù Saint Vincent dàpọ̀. Ní 1797 àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé wọn kúrò níbẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ kó wọn dà sí erékùṣù Roatán, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tàn ká etíkun náà pẹ̀lú ìlù wọn. Ní 2001, nígbà tí àjọ UNESCO kọ́kọ́ ka ohun ìní àwọn baba ńlá 19 jọ láti gbogbo ayé, èdè, ijó àti orin Garífuna wà nínú rẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa náà wà níbẹ̀, èyí tí àwọn àgbà sọ pé ilẹ̀ Kétu ni ó ti ṣẹ̀.

Ó dìgbà mìíràn o.