Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o, ẹ̀yin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì

1/ Àwọn kan ń sọ pé bàálù tó ń gbé radar kiri, owó lásán ló ń jẹ, kò ju bọ́ǹbù. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

2/ Ayé rí roboto, radar ò sì lè wo ẹ̀yìn ibi tí ayé ti tẹ̀. Bí bàálù ọ̀tá bá ń fò ní mítà 30 péré lókè omi, radar orí ọkọ̀ ogun ò ní rí i àfi tó bá kù bíi kìlómítà 40. Gbé radar lọ sókè ní mítà 9,000, ó ń wo ojú omi dé bíi kìlómítà 390. Gíga yẹn ni gbogbo àṣírí ẹ̀.

3/ Ní 1978, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì pa Gannet tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tì, wọn ò fi nǹkan kan rọ́pò ẹ̀. May 4, 1982, nínú ogun Falklands, bàálù Ajẹntínà fò wá nílẹ̀nílẹ̀, ó fi Exocet lu HMS Sheffield. Èèyàn 20 kú. Àṣìṣe míì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sí ojú kankan lókè tó ń ṣọ́ wọn.

4/ Ìgbà yẹn ni wọ́n wá sáré gbé radar sórí hẹlikópítà Sea King. Ogun ti parí kó tó dé.

5/ Ṣé wọ́n kọ́gbọ́n? Ní 2021, wọ́n fẹ̀yìn E-3 Sentry tì nígbà tí E-7 tó máa rọ́pò ẹ̀ ò tíì dé. Wọ́n tún gé E-7 ọ̀hún láti 5 sí 3!

6/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo ìfowóṣòfò, ẹ ṣírò ẹ̀mí 20 yẹn mọ́ ọn. Ta ló lè bá ohun tí ò rí jà?