Ta Ni Ń Jẹ Oyin, Ta Ni Ẹnu Àáké Rẹ̀ Ń Ṣẹ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá mẹ́nu ba ewu tó wà nínú iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, òwe kan ni wọ́n sábà máa ń fi dá a lóhùn: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe àgbà ni. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó ni àáké kọ́ ló ń jẹ oyin. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Adó, Ìyìn tàbí Ìkẹ́rẹ́ bá gba ife-ẹ̀yẹ, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò gbé e ya fọ́tò. Olùkọ́ tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀ lórí pápá oníkòtò, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní fífò, ni yóò máa tiro lọ sílé.

Iṣẹ́ ni eré ìdárayá, ó sì ń pani. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2020, Chineme Martins, agbábọ́ọ̀lù Nasarawa United, ṣubú lórí pápá nílùú Lafia. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé e lọ sílé ìwòsàn kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ọmọ náà sì kú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọkọ̀ àwọn aṣojú Ìpínlẹ̀ Kano tó ń darí bọ̀ láti ìdíje eré ìdárayá orílẹ̀-èdè ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ìjàm̀bá. Ènìyàn 22 ló kú. Eléré ìdárayá àti òṣìṣẹ́ eré ni wọ́n.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Òfin ọdún 2010 lórí owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ kan òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni. Àwọn ológun nìkan ni kò kàn. Agbanisíṣẹ́ ni yóò san owó náà fún àjọ NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Ẹni tó farapa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Olùkọ́ mélòó ni ẹnikẹ́ni ti ṣàlàyé èyí fún?

Nítorí náà, kí ìjọba Èkìtì kéde ní gbangba bóyá ó ń san owó yìí lórí àwọn olùkọ́ àti akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Kí ìdíje kankan má sì bẹ̀rẹ̀ láìsí oníṣègùn àti ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí.

Orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé, sáré-sáré tó bá Nàìjíríà gba fàdákà ní Barcelona lọ́dún 1992, ni pápá ìṣeré Adó-Èkìtì ń jẹ́. Ó dára kí ìlú bọlá fún akọni tó ti lọ. Ìtọ́jú ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí pápá náà lónìí ni yóò fi hàn bóyá ọlá náà dénú.