Ẹ Tètè Pe Wẹ́fíà fún Àkàndá Ẹ̀dá

Òfin àpapọ̀ Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2019 sọ pé àwọn àkàndá ẹ̀dá lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ìlera láìsí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Lójú tèmi, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ilé ìwòsàn ló lè sọ ẹ̀tọ́ orí ìwé yẹn di ohun tí aláìsàn fọwọ́ bà. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ kò nílò iṣẹ́ abẹ nìkan: ta ni yóò bá a wá kẹ̀kẹ́ tí yóò máa jókòó lé, ta ni yóò bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀? Ó dùn mí pé ìgbà tí owó ìtọ́jú bá wọ aláìsàn lọ́rùn ni wọ́n sábà máa ń ránṣẹ́ pe wẹ́fíà. Ọjọ́ tí wọ́n dá aláìsàn dúró sí ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n ti pe wẹ́fíà.

Àwọn kan á ní ẹbí ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láyé àwọn baba wa. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ kó parẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú ẹbí ló mọ̀ pé òfin adójútòfò ìlera ọdún 2022 dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní? Ẹni tó bá sì ní kò sówó láti gba òṣìṣẹ́ wẹ́fíà sí i, kó ṣírò iye bẹ́ẹ̀dì tí àwọn tó ti yá ṣì ń sùn lé, nítorí pé kò sẹ́ni tó ṣètò ibi tí wọn yóò padà sí.