Àwọn tó ń gbé òkú jáde lábẹ́ àwókù ilé, ta ló ń tọ́jú ọkàn tiwọn?

Ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, ọdún 2019, ilé alájà mẹ́ta kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó lulẹ̀ ní Ìta-Fàájì, ní Erékùṣù Èkó. Àwọn ọmọ àdúgbò wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gun orí àwókù náà, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń gbé bulọ́ọ̀kù. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ kan tó ṣì ń mí jáde, gbogbo èrò a hó yèè. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ogún (20) ènìyàn ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Nígbà tó yá, ariwo ayọ̀ dáwọ́ dúró, òkú ọmọ ọlọ́mọ ló kù tí wọ́n ń gbé.

Gbogbo wa la gbóríyìn fún wọn lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè tí a kò bi ara wa ni pé, báwo ni wọ́n ṣe sùn lóru ọjọ́ yẹn?

Iṣẹ́ ẹni tó ń wá alààyè yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wá òkú. Bí ó bá rẹ ẹni àkọ́kọ́, ìrètí ni yóò gbé e dìde. Ẹni kejì kò ní ìrètí mọ́. Ohun tó ń wá kò ju pé kí ẹbí rí ẹni wọn sin lọ. Nígbà tí ilé alájà mọ́kànlélógún (21) wó ní Ìkòyí lóṣù kọkànlá, ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi wá àwọn tó há sábẹ́ rẹ̀, òkú tí wọ́n rí sì lé ní ogójì (40). Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Bellview já ní abúlé Lísà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lóṣù kẹwàá, ọdún 2005, gbogbo ènìyàn mẹ́tàdínlọ́gọ́fà (117) tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Kò sí ẹnìkan tí olùdóòlà ìbá gbà là.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tán sójú ibẹ̀. Òórùn rẹ̀ a máa bá ènìyàn délé. Oorun a dá lójú, oúnjẹ a sú ni, inú a máa tètè bí ni sí aya àti ọmọ. Ẹlòmíràn a máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé, ‘Bí mo bá ti tètè dé ni.’ Ẹlòmíràn a sá sídìí ọtí. Nítorí pé a ti kọ́ wọn pé ọkùnrin kì í sunkún, wọn a gbé e mì.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2007 yẹ kó là wá lójú. Wọ́n yẹ àwọn tó ṣiṣẹ́ níbi ilé gogoro méjì tó wó ní New York lọ́dún 2001 wò, lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta. Nínú ọgọ́rùn-ún ọlọ́pàá, nǹkan bíi mẹ́fà ló ní àmì àìsàn ọkàn tí irú ìrírí bẹ́ẹ̀ ń fà. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kàn yọ̀ǹda ara wọn, tí wọn kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan, ó tó mọ́kànlélógún. Ẹni tí wọn kò kọ́ níṣẹ́ náà rí ló fara gbá jù.

Ta sì ni wọ́n nílẹ̀ wa? Bíríkìlà ni, ọlọ́kadà ni, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ni. Wọn kò ní aṣọ iṣẹ́, wọn kò sì ní ọ̀gá tí yóò béèrè wọn. Bí ìròyìn bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó kú àti ẹbí wọn ló yẹ ká kọ́kọ́ gbọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́, ohun tí à ń béèrè kò sì wọ́n. Kí àjọ tó bá ń darí iṣẹ́ kọ orúkọ àti nọ́ḿbà fóònù gbogbo ẹni tó bá gbé òkú. Kí wọ́n máa gbara wọn lọ́wọ́, kí ẹnìkan má gbé òkú láti àárọ̀ di alẹ́. Kí ẹnìkan pè wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó tún pè lẹ́yìn oṣù kan. Àjọ ìlera àgbáyé gan-an kì í ṣe agbátẹrù pé kí a fipá mú ènìyàn rojọ́ ohun tó rí. Ìsinmi, oúnjẹ, etí tó ń gbọ́ àti ẹbí nítòsí ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá lọ, kí wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Orílẹ̀-èdè yìí ti ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ láti oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kó wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí a ti ń sunkún àwọn tó kú, ẹ jẹ́ ká rí àwọn tó gbé wọn jáde.