AHUN KÌ Í ṢE ÒKÚTA: BÍ Ẹ ṢE LÈ KỌ́ ILÉ TÓ DÁRA FÚN UN

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ahun kan kú ní ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, ìròyìn rẹ̀ sì kárí ayé. Alágbà lorúkọ rẹ̀, abo ni. Ààfin ní ẹni ọdún 344 ni, wọ́n ní Ṣọ̀ún Ìṣan Okùmọ́yèdé, tó jọba láti 1770 sí 1797, ló mú un wọ ààfin. Àwọn onímọ̀ ẹranko ò gbà. Wọ́n ní ahun kì í sábà kọjá nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún láyé. Ẹ fi àríyànjiyàn ọjọ́ orí sílẹ̀ ná. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò jà sí ni pé àgbàlagbà ahun ni, àti pé òṣìṣẹ́ ààfin méjì ló ń tọ́jú rẹ̀. Ahun tó bá rí ìtọ́jú á pẹ́ láyé.

Ti ìgboro Ìbàdàn ńkọ́? Àwọn ahun kan ń bẹ láàyè lórí àtẹ àwọn ẹlẹ́wéọmọ. Èyí tí kò bá sí lára àwọn tí aláàgbo rà, tí onílé kan rà á lọ sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀ tàbí Mápó kí àwọn ọmọ lè máa rí i, ìyà mìíràn ló tún lọ jẹ yẹn. Wọn á fi ìṣó lu igbá ẹ̀yìn rẹ̀, wọn á ki okùn bọ̀ ọ́, wọn á so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga. Wọn á ju òkèlè ẹ̀bà sí i. Bí kò bá mira fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn á ní, "Ṣebí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ó ń kú lọ ni o!

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́: igbá ahun kì í ṣe páànù. Eegun ni, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀, bí ẹ bá lu ú, ó ń dùn ún. Torí pé kì í ké bí ewúrẹ́ ló jẹ́ kí onílé rò pé kò sí nǹkan kan.

KÍ Ẹ MỌ IRÚ ÀLEJÒ TÓ WÁ

Ahun ò rí bákan náà. Èyí tó kéré, tí wọ́n ń mú nínú igbó àti oko ilẹ̀ wa, oríkèé ń bẹ lẹ́yìn igbá rẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Bí ẹ̀rù bá bà á, á pa á dé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Èyí tó jẹ́ ará igbó nínú wọn fẹ́ òjìji, ewé gbígbẹ àti ilẹ̀ tó tutù díẹ̀. Olú, èso tó jábọ́, ekòló àti ìgbín kéékèèké ló ń jẹ.

Èkejì ni ahun ńlá tó wá láti ilẹ̀ gbígbẹ lápá òkè Ọya, nítòsí aṣálẹ̀. Oòrùn àti ilẹ̀ gbígbẹ lòun fẹ́, koríko sì loúnjẹ rẹ̀. Èyí tó gba àtẹ́lẹwọ́ lónìí lè wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ tó bá dàgbà. Kí ẹ ti rò ó kí ẹ tó nawó.

ỌGBÀ RẸ̀

Kò sí àyè rẹpẹtẹ lágbo ilé Bẹyẹrúnkà, àmọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná lè gba ahun kékeré kan. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn, 4 ní fífẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dín sí i. Ẹ to búlọ́ọ̀kù ní ipele méjì yí i ká, kí ipele kan tún wọ ilẹ̀, torí ahun mọ ilẹ̀ẹ́ gbẹ́. Wáyà tó ní ojú ò dára: bó bá ti ń rí òdìkejì, yóò máa fi imú tì í títí imú yóò fi bó.

Kí oòrùn máa pa apá kan ọgbà náà, kí apá kejì ní ìbòòji. Ahun ò lè mú ara rẹ̀ gbóná fúnra rẹ̀, àárín oòrùn àti òjìji ló ti ń wá ìwọ̀n tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Oòrùn yìí náà ló ń jẹ́ kí eegun rẹ̀ le. Èyí tí wọ́n bá dé mọ́ inú yàrá nígbà gbogbo, igbá rẹ̀ á rọ̀. Bí ẹ bá fi páànù bo apá kan, ẹ da imọ̀ ọ̀pẹ lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ibẹ̀ á dà bí ààrò lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìkòkò amọ̀ tó fọ́ sí méjì, ẹ dojú ìlàjì kan dé: yàrá rẹ̀ nìyẹn.

Omi mímu rẹ̀, inú àwo pẹlẹbẹ ni. Kó má ga ju àgbọ̀n rẹ̀ lọ, torí ahun ilẹ̀ lè kú sómi. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ilẹ̀ dagẹrẹ kí omi òjò má dúró. Lásìkò ọyẹ́, ẹ gbé e sínú àpótí tó ní koríko gbígbẹ lálẹ́. Ẹ ṣọ́ ajá, ẹ ṣọ́ ìjàlọ, ẹ ṣọ́ eku tó lè gé e lẹ́sẹ̀ jẹ lójú oorun. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin aláró, kí epo ìdọ̀tí tàbí omi aró má ṣàn débẹ̀.

OÚNJẸ ÀTI ÀÌSÀN

Koríko, tẹ̀tẹ̀, ewé ọ̀dùnkún, ewé ìṣápá: ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ ti ní in lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ kí oògùn kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Ẹ lọ èèpo ẹyin kúnná, kí ẹ wọ́n ọn sí i. Ẹ̀bà, búrẹ́dì, ìrẹsì, rárá o.

Bí imú bá ń yọ ìfófòó, bí ojú bá wú, bí igbá bá rọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn wọn.

Ti àwọn ọmọ ló wá ṣe pàtàkì jù. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Salmonella sábà máa ń wà lára ahun, ìbátan èyí tó ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Torí ẹ̀ ni Amẹ́ríkà fi fòfin de títa ahun kéékèèké tí igbá wọn ò tó ínǹṣì 4 láti ọdún 1975. Ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án, kó fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó jẹun. Ẹ má fọ àwo rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́ ọbẹ̀.

ẸNI TÍ KÒ LÈ ṢE É

Kó má rà á. Gbogbo ahun orí ilẹ̀ ló wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1974, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé wọn kọjá ẹnubodè láìgbàwé àṣẹ, torí wọ́n ń dín kù. Ọ̀kan tí ẹ bá rà, ọdẹ á tún wọ igbó lọ mú òmíràn ni. Ahun kì í sì í tètè pọ̀ bí adìẹ; ọdún púpọ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń lò kó tó dàgbà.

Wọ́n bi ìjàpá pé ìgbà wo ni yóò dé láti àjò, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Ní ti ahun inú ọgbà, onílé tí kò kọ́ ilé rẹ̀ dáadáa ni yóò tẹ́.